Ìlú Tó Sùn Gbàgbé Ìsìnkú Keziah

Ẹ̀yin ará Harrowclough, ìlú ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná. Selina, ọmọ ọmọ mi, bí ọkùnrin làǹtì-lanti, orí rẹ̀ ń dán bíi ti bàbá ńlá rẹ̀. Jabez ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́ Martha Pilling. Ruth àbúrò wọn náà ti rí ọkọ, awakọ̀ ojú irin kan tí ó ga ju ẹnu ọ̀nà ilé mi lọ. Keziah Ogden, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkan fèrèsé láti jí gbogbo wa, ló kan fèrèsé fún agbẹ̀bí Selina. Òun náà ló kan fèrèsé Jabez lówùúrọ̀ ìgbéyàwó. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, Martha ì bá ṣì máa dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní.

Keziah yìí ti kú. Ó kan fèrèsé tó kẹ́yìn tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé Sam Haslam, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Keziah kú, ère dà?

Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú yín? Bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń bọ́, bàtà onígi rẹ̀ á máa dún ko-ko-ko kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú ọparun gígùn tó bá ọkọ̀ òkun wá láti Íńdíà. Ọparun yẹn ló fi ń kan fèrèsé òkè, kì í sì í kúrò títí onílé á fi yọjú.

"Sam Haslam! Dìde, ọ̀lẹ! Bí o ṣe ń hanrun ti sú ìyàwó rẹ!"

"Mo ti jí o, Ìyá Keziah!"

"Ẹnu rẹ ló jí. Gbé ìyókù wá sójú fèrèsé kí n rí i!"

Nílé ẹ̀kọ́ àgbà, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí. Oorun a máa gbé e sórí síléètì, èmi a sì kan síléètì náà kí ó lè jí. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló rí kọ́ tán. Inú rẹ̀ dùn sí i bí ẹni tó kọ́ ààfin.

Nígbà tó kú, a bẹ Ọ̀gbẹ́ni Entwistle tó ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ pé kó dá ẹ̀rọ dúró fún wákàtí kan lọ́jọ́bọ̀, ká lè sin ín. Ó ní ọkọ̀ òkun tó ń kó aṣọ lọ sí Kàlìkọ́tà ní Íńdíà kì í dúró de òkú. Ó dáa. Nígbà tí ajá ìyàwó rẹ̀ kú ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ ò dúró? Ṣé a ò tò tẹ̀ lé pósí ajá? Ajá náà ní òkúta lórí sàréè, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ajá tí kò jí ẹnikẹ́ni rí, àfi ẹni tó bá gé jẹ!

Ni Àlùfáà Tunnicliffe bá ní ká sin ín ní ìdájí, kí fèrè iṣẹ́ tó dún. Gbogbo ìlú ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo orí tó pé jọ síbẹ̀, ṣé a rí ẹyọ kan tó béèrè ẹni tí yóò jí wa?

Ní tèmi, orúnkún mi ló ń jí mi. Mo dé itẹ́ òkú, mo bá pósí, mo bá Enoch agbẹ́sàréè, ẹni tó sun inú kẹ̀kẹ́ ìkóyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ mọ́jú kó má bàa pẹ́.

"Ìyá àgbà, àwọn èrò dà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Láti ibo? Láti ojú oorun?"

Oòrùn yọ. Fèrè ò dún, nítorí Keziah ló ń jí ẹni tó ń dá iná ẹ̀rọ. Aago ṣọ́ọ̀ṣì ò dún, nítorí Keziah ló ń jí alágogo. Mo gbé ọparun rẹ̀ kúrò lórí pósí, mo lọ kan fèrèsé Àlùfáà. Ó yọjú pẹ̀lú fìlà oorun lórí, ojú rẹ̀ ò tíì là.

"O ṣeun, Keziah," ló wí, ó sì padà lọ sùn.

Àwọn àgbà ní gbogbo wa ò lè sùn ká kọrí síbì kan náà. Ìlú wa ti sọ àgbà di òpùrọ́.

Èmi àti Enoch la kọrin. Enoch ò mọ orin náà, òun ló sì ń pariwo jù. Kí a tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo kan pósí náà díẹ̀, bí mo ti máa ń kan síléètì rẹ̀. Mo wá ní kó máa sùn.

Nígbà tí mo bá Sam Haslam wí, ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Ìyá àgbà, mo mọ̀ pé ó ti kú o. Mo sunkún. Àmọ́ mi ò mọ̀ pé kò ní wá jí wa mọ́."

Ọkọ̀ lọ, aṣọ kù sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Entwistle wá ń kéde kiri pé Keziah ló fà á, pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ fún òun. Ẹ gbọ́ o, òkú jẹ̀bi! Òwú ń la òkun bọ̀ láti Amẹ́ríkà, tíì ń bọ̀ láti Ṣáínà, aṣọ wa ń wọ ọjà Kàlìkọ́tà àti Èkó, orí ọparun obìnrin kan ni gbogbo rẹ̀ sì dúró lé. Òpin ilẹ̀ ayé mọ ọ̀nà ilé wa. Àwa ò mọ ọ̀nà itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí ẹ̀rọ dúró lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sán ni mo wí o! Kí Àlùfáà wá gba àdúrà tí oorun ò jẹ́ kó gbà. Kí Ọ̀gbẹ́ni Entwistle ṣí fìlà létí sàréè, kó ṣàlàyé fún Keziah bí ajá ṣe jù ú lọ. Kí a sì kọ sára òkúta Keziah orúkọ rẹ̀ tí ó bá oorun jà kí ó tó kọ́ tán. Bí wọn ò bá gbà, ọparun ṣì wà lọ́wọ́ mi, orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n sùn. Mo mọ fèrèsé Ọ̀gbẹ́ni Entwistle. Mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí á fi yọjú.

Mo fi ṣílè mẹ́rin ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí: mẹ́ta fún òkúta Keziah, ọ̀kan fún gíláàsì fèrèsé Ọ̀gbẹ́ni Entwistle.