Iná Tuntun Fún Orogún Ìyá Oníbọ́tìnnì

Bí ènìyàn bá wọ ilé Ìyá Oníbọ́tìnnì, ohun méjì ni etí rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbọ́: maṣíìnì ìránṣọ tó ń sáré ní yàrá iwájú, àti omi tó ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú pálọ̀. Maṣíìnì jẹ́ tirẹ̀. Omi jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Orúkọ tí àdúgbò fún un kò ní ìtàn gígùn nínú. Bọ́tìnnì tó bá ti rán mọ́ aṣọ kì í já; aṣọ á gbó, aṣọ á ya, bọ́tìnnì á ṣì wà níbẹ̀ gbagidi. Obìnrin tí kì í fẹ́ kí nǹkan já mọ́ òun lọ́wọ́ ni, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà wálé pátápátá, oorun kọ̀, kò wá. Ó ní ilé dákẹ́ jù. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, àfi bó ṣe rí i lọ́jọ́ kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Rédíò tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní òdìkejì ọ̀nà, ń làágùn bọ̀ pẹ̀lú àpótí gíláàsì kan tó gùn tó àga ẹni mẹ́ta. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì onírin. Ọkọ rọ omi sí i, ó da iyọ̀ òkun sí i, ó to òkúta sí i, ó kó ẹja wẹ́wẹ́ sí i. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹnì kan fún un ní iyùn kékeré kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Kì í ṣe iyùn tí à ń so mọ́ ọrùn o. Iyùn tó ṣì wà láàyè ni, ẹ̀dá abẹ̀mí bí èmi àti ẹ̀yin, àfi pé kì í kúrò lójú kan. Ó ń jẹun, ó ń dàgbà. Bí ara rẹ̀ bá yá, á na àwọn ìka wẹ́wẹ́ jáde. Bí inú bá ń bí i, á kó wọn wọlé. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ló fi ń gbé ayé. Ọkọ gbé e sí apá òsì àpótí, níbi tó ti lè máa wò ó láti orí àga rẹ̀. Ibi yòówù kó ti dé, bàtà kò ní tíì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí á ti bẹ̀rẹ̀ níwájú gíláàsì, á ní, "O kú ilé o. Ṣé o jẹun?" Ìgbà tó di pé ó ń kí i kó tó kí ìyàwó ilé ni obìnrin náà fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ kúkú sọ fún mi pé ẹ ti fẹ́ ìyàwó lé mi lórí."

"Ìyàwó kékeré ni," ọkọ dá a lóhùn. "Kò ní bá ọ jà. Kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀."

Bí iyùn ṣe di orogún nìyẹn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi dàgbà, tó di nọ́ọ̀sì, tó lọ ń gbé ilé tirẹ̀. Bàbá Rédíò ní tiẹ̀ kò tún pe obìnrin náà ní nǹkan mìíràn mọ́, Ìyálé ló ń pè é.

Ọkọ fúnra rẹ̀ ló fi pákó kan ìdérí àpótí náà. Ó fá igun rẹ̀ kan roboto, torí ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ìgúnpá gbá bó bá ń gbé aṣọ kọjá. Ó to gílóòbù gígùn-gígùn sí inú ìdérí náà, funfun àti búlúù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, funfun á kọ́kọ́ kú, búlúù á ṣẹ́ kù fún ìgbà díẹ̀. Àsìkò yẹn ni orogún máa ń dán. Àwọ̀ ewé tútù á yọ lára rẹ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé wọ́n tan àtùpà sí i nínú. Ọkọ á pa iná pálọ̀, á jókòó, á ké sí yàrá iwájú pé, "Wá wò ó."

"Mò ń bọ̀," ìyàwó á wí láti ìdí maṣíìnì. "Ẹ jẹ́ kí n parí apá aṣọ yìí."

Á parí apá aṣọ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ aránṣọ, apá kan kì í dá wà lára aṣọ. Nígbà tó bá fi máa dé pálọ̀, búlúù á ti kú, ọkọ á ti tan iná padà, á máa rẹ́rìn-ín. "O tún pẹ́," á wí. Inú kì í bí i, ó ṣáà gbà pé ìrọ̀lẹ́ mìíràn ń bọ̀.

Àìsàn tó pa á kò pẹ́. Lẹ́yìn tí àlejò tán nílé, tí ilé wá dákẹ́, Ìyá Oníbọ́tìnnì bá ara rẹ̀ níwájú àpótí omi, ó ń po iyọ̀ pọ̀ bó ṣe ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe é. Ó wọ ọ̀kan nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì ilé tó rán fún un, èyí tí apá ọ̀tún rẹ̀ mọ ní ìgúnpá. Ọkùnrin náà kì í rántí ká apá aṣọ sókè kó tó tọwọ́ bọ omi. Ìyàwó pariwo títí, ó sú u, ló bá kúkú gé apá ọ̀tún gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ kúrú. Bí ọkọ ṣe ń wọ ọ́ jáde lọ kí Bàbá Rédíò nìyẹn, kò tilẹ̀ tijú.

Gílóòbù wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn búlúù ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni àwọn funfun ń ṣẹ́jú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó dé ni wọ́n ti sọ fún un pé wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Orogún kó ìka rẹ̀ wọlé, kò nà wọ́n mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ di ti tíì tó ti ṣá.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú," ọmọ rẹ̀ wí.

"Bàbá rẹ kò fi í sílẹ̀ fún mi kí n máa fi í tọrẹ."

Ohun tí kò sọ fún ọmọ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Nínú ilé yẹn, ẹni méjì péré ni ọkùnrin náà máa ń kí bó bá dé. Bí ọ̀kan bá kú, á ku òun nìkan. Ó sì fẹ́ rí búlúù ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí òun jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò rò pé ohun tó pọ̀ jù ni òun ń béèrè.

Iná tí wọ́n ti ṣe parí wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè wọ inú ìdérí ọkọ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kó ju ìdérí náà nù, pákó lásán ni. Ìyá Oníbọ́tìnnì kí i pé ó dàbọ̀, ó sọdá lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Rédíò.

"Iná LED la máa fi ṣe é," ìyẹn wí. "Kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n báyìí, Ìyálé. Èmi á máa fẹnu sọ, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ṣe é."

"Ṣé èmi ni màá jó wáyà?"

"Ta ló ni bọ́tìnnì ládùúgbò yìí?"

Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló tẹ́ irin pẹlẹbẹ kan sí, irin fífúyẹ́ tó ń gba ooru kúrò lára iná. Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ló fi sàmì sí ojú ibi tí iná kọ̀ọ̀kan máa wà. Ó fi gọ́ọ̀mù tí kì í bẹ̀rù ooru lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, ó wá ń fi wáyà so ẹ̀yìn ọ̀kan mọ́ iwájú èkejì, ó ń yọ́ òjé sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ dáadáa. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé bó bá ti fẹ́ mú okùn òjé, ẹnu ló kọ́kọ́ ń gbé e lọ kó lè mú un ṣóńṣó.

"Ìyálé, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu. Kì í ṣe òwú."

"Ẹ má bínú, ọwọ́ ló ń ṣe é."

Ó yọ ọ́. Kò pẹ́, ó tún gbé e lọ. Nígbà tó yá, Bàbá Rédíò ní kó máa jẹ súwíìtì, kí ẹnu rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe.

Bàbá Rédíò ti ya bí iná ṣe máa tò sórí bébà fún un. Àwọn funfun tó le á wà lápá ọ̀tún, níbi tí kò ti sí nǹkan kan ju òkúta àti ẹja lọ. Búlúù á pọ̀ lápá òsì, torí ó ti pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti wọ́n fún orogún, ara rẹ̀ kò tíì lè gba èyí tó le. Ṣùgbọ́n inú aṣọ ni aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ rántí. Ohun tó wà lápá òsì inú aṣọ, apá ọ̀tún ló ń bọ́ sí bí wọ́n bá yí i síta. Ọwọ́ Ìyá Oníbọ́tìnnì ti mọ èyí débi pé kì í tún ronú sí i. Ó wo bébà, ó wo ìdérí tó dojú délẹ̀, ó yí bébà náà padà kó tó sàmì. Kò mọ̀ pé Bàbá Rédíò ti bá a yí i kó tó gbé e fún un.

Nígbà tí wọ́n tan án, gbogbo pálọ̀ mọ́ kedere. Ẹja tàn. Òkúta tí wọ́n ti gbàgbé pé ó ní àwọ̀ wá ní àwọ̀. Bàbá Rédíò nu ojú, ó ní èéfín òjé ni, bẹ́ẹ̀ òjé ti tutù tipẹ́.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí etí orogún bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Funfun eegun ni. Ọmọ tó yà wọlé láti ibi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. "Màmá," ó wí jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ọsibítù, "ó ń kú." Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Rédíò. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ iná lápá òsì, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ tọ̀tún, ó rí i pé tòsì ló le jù.

"Ìyálé, ṣé ẹ yí bébà yẹn ni?"

"Mo yí i."

"Èmi náà ti yí i."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Kò sunkún báyìí nígbà ìsìnkú, torí nígbà náà kì í ṣe ọwọ́ òun ló fa ikú. Gọ́ọ̀mù tó mú iná mọ́ irin, tó mú irin mọ́ ìdérí, ti gan, bí wọ́n bá ní kí wọ́n yọ wọ́n, wọ́n á fọ́. Ìdérí kò ṣe é yí padà, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gé sílẹ̀ fún páìpù. Orogún pàápàá ti hù mọ́ òkúta ńlá tó wà nídìí rẹ̀, kò ṣe é gbé kúrò. Bí wọ́n bá sì paná, òkùnkùn á parí iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ tó jókòó sí yẹn ló ti rí fèrèsé yàrá iwájú. Oòrùn ọ̀sán ń gba ojú kọ́tìnnì nẹ́ẹ̀tì wọlé, ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí maṣíìnì rẹ̀ sì rọ̀, kò ta ojú. Ó dìde. Gbogbo nẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ ló ní àwọ̀, pupa, wúrà, elése àlùkò. Ó ṣí àpótí tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fa funfun kan yọ.

"Màmá, ìbòjú ìgbéyàwó yín kọ́ nìyẹn?"

"Ta ló tún ń bọ̀ wá fẹ́ mi?"

Kò gé e. Ó ṣẹ́ ẹ po ní ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, ó fi òwú gígùn so ó mọ́ inú ìdérí lápá òsì, bí wọ́n ṣe ń rọra fi òwú mú aṣọ tí wọn kò tíì fẹ́ rán pa, kó lè máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí orogún wá rọ̀ bíi ti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Ó mà dáa," Bàbá Rédíò wí. "Ó ti pẹ́ tó wọlé, kò sẹ́ni tó ṣe ìgbéyàwó fún un."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Funfun náà dúró, kò lọ sẹ́yìn, kò lọ síwájú. Ìyá Oníbọ́tìnnì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, èyí tí kò jókòó sí rí láti ọjọ́ tó ti kú. Ó rí i pé láti orí àga yẹn, ènìyàn á máa rí orogún lápá òsì, á sì máa rí ẹ̀yìn ẹni tó wà nídìí maṣíìnì láti ẹnu ọ̀nà yàrá iwájú. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, ó ń wo àga maṣíìnì tó ṣófo, àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ìka kan yọ. Ìyá tú ìṣẹ́po kan. Òmíràn yọ, ó tún tú òmíràn. Àwọ̀ tíì fi ara iyùn sílẹ̀, funfun eegun náà sì ń dín kù láti etí. Ọmọ tó ní kí wọ́n gbé e tọrẹ wá di ẹni tó ń fóònù láti ibi iṣẹ́ béèrè pé ìṣẹ́po mélòó ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá tú èyí tó kẹ́yìn, ó fọ ìbòjú náà, ó sá a, ó sì padà sídìí iṣẹ́ torí olùkọ́ kan ń dúró de aṣọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ọmọ rẹ̀ ló dé, bàtà iṣẹ́ ṣì ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wọ pálọ̀, ló bá gbọ́ ohùn rẹ̀ nílẹ̀ níwájú gíláàsì. "O kú ilé o. Ṣé o jẹun?" Iná pálọ̀ kú.

"Màmá, ẹ wá wò ó."

"Mò ń bọ̀," ó wí, maṣíìnì sì ń sáré. "Jẹ́ kí n parí apá..."

Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, maṣíìnì dúró. Kò tilẹ̀ fa abẹ́rẹ́ sókè. Ó rìn lọ sí pálọ̀, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Orogún ti na gbogbo ìka rẹ̀ jáde nínú búlúù náà, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán. Wọ́n ń wò ó títí búlúù náà fi kú. Ọmọ na ọwọ́ pé kóun tan iná padà.

"Fi í sílẹ̀ ná," ìyá rẹ̀ wí.

Apá aṣọ olùkọ́ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ títí di òwúrọ̀.