Nọ́ńbà Mọ́tò Ọkọ Àǹtí Bọ́sẹ̀

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí àbúrò ìyá mi pàdánù ọkọ nítorí nọ́ńbà mọ́tò, èmi ni n bá sì fà á.

Àárọ̀ ọyẹ́ ni. Kòkó tí a sá sí etí títì ń ta sánsán bí ọtí kíkan, òórùn tí ẹni tó bá dàgbà ní Ìkẹ́rẹ́ ò lè gbàgbé láéláé. Èmi ni mo máa ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí kòkó, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ìwé tí wọn ò kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́: lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà mọ́tò ló ń sọ ibi tí mọ́tò ti wá. Èkìtì ò tíì dá ìpínlẹ̀ ní nígbà yẹn. OD ti Oǹdó ló wà lára mọ́tò tiwa. OY ń bọ̀ láti Ìbàdàn, LA láti Èkó, BD láti Benin. Bí KN ti Kánò bá kọjá, a ó sáré tẹ̀ lé e, a ó máa kígbe "Sànnù!" Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ọmọ Adó ló ń wà á.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkùnrin tí Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò ìyá mi, fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ láti Èkó wá kí Bàbá àgbà. Yàtọ̀ sí Àǹtí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí nínú wa. Bàbá àgbà ò sì fẹ́ràn ìdádúró. Wọ́n ní, "Bí oòrùn bá wọ̀ tí kò dé, kó má wulẹ̀ wá mọ́." Wọ́n rán mi sí oríta tí kò jìnnà sílé kí n mú àlejò wálé. Bàbá mi, tíṣà, fi òwe sìn mí jáde: "Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí o!"

Mo la ojú sílẹ̀. Àwọn LA ń kọjá, wọn ò dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, Volkswagen funfun kan dúró. Mo wo iwájú rẹ̀: BD.

"Ọmọ dáadáa, níbo ni ilé Bàbá Kápẹ́ńtà?"

Mo tún BD yẹn kà. Kí ni ará Benin ń wá nílé Bàbá àgbà wa? Gbọ́mọgbọ́mọ! Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí, mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ti kó lọ sí Ìsẹ̀." Mo tiẹ̀ nawọ́ sí ọ̀nà fún un. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn ń rọra sún mọ́ òkè tó máa ń wọ̀ sí, Bàbá àgbà ti bọ́ agbádá wọn sílẹ̀, Àǹtí Bọ́sẹ̀ sì ń fi gèlè nu ojú. Èmi ò kúrò ní oríta. Volkswagen yẹn tún yọ, eruku ti sọ ọ́ di pupa.

"Ọmọ dáadáa, mo wá wọn títí ní Ìsẹ̀, n ò rí wọn. Ta ni ìwọ gan-an ń retí níbí?"

"Ọkọ àǹtí mi ni. Èkó ló ti ń bọ̀."

"Èmi nìyẹn!"

"Irọ́ o, sà. BD ni yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di mọ́tò mú. Ó ní Benin lòun ti rà á. Mo ní kó lọ sọ fún ẹlòmíràn. Ibi tí a ti ń jiyàn ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti wá pè mí: "Ìwọ, máa bọ̀ n'úlé, uyán ti tutù!" Ó gbójú sókè, ó rí i, ó figbe ta. Igbe yẹn ló fa Bàbá àgbà jáde. Wọ́n wo àlejò, wọ́n wo Àǹtí, wọ́n wo ojú ọ̀run.

"Oòrùn ò tíì wọ̀ tán," wọ́n wí, wọ́n sì padà lọ gbé agbádá wọ̀.

Bàbá mi fà mí létí. "Mo ní ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. N ò ní alákàn ń ka nọ́ńbà mọ́tò!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ bọ́jú, mo bá páálí kan tí wọ́n so mọ́ iwájú Volkswagen, wọ́n ti fi èédú kọ LA gàdàgbà sí i. Ọkọ Àǹtí Bọ́sẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.

"Àna mi àtàtà, mo ti dé láti Èkó. Ṣé kí n wọlé?"

Mo wo páálí yẹn fínnífínní kí n tó dáhùn: "Ẹ wọlé."

Abuja ni nọ́ńbà mọ́tò tí mò ń wà kiri Ìkẹ́rẹ́ lónìí. Bí ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn bá ṣì wà ní oríta ni, Ìsẹ̀ ni n bá máa sùn.