Ibi Tí Gìtá Ti Ń Kéré Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ṣùgbọ́n títí dòní mo lè sọ bí gìtá ṣe máa ń dún nínú àgbàlá ńlá kan ní Lafiaji, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí àwọn èèyàn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ máa ń sọ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀, ẹ jókòó, màá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọkùnrin mẹ́ta ló ń ṣeré níbẹ̀: onígìtá tó tún ń kọrin, òun ni ọ̀gá wọn, ẹni tó ń ta gìtá olóhùn ńlá tí wọ́n ń pè ní béèsì, àti onílù. Bùlúùsì ni wọ́n ń kọ, wọ́n á wá fi rọ́ọ̀kì gbóná sí i. Orin ìbànújẹ́ ni, orin ìyàwó tó kó ẹrù lọ, orin òjò tó wọlé báni lórí ẹní, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kì í jó. Béèsì yẹn á gba ilẹ̀ wọ inú ẹsẹ̀ mi, á gun ikùn mi, á wá dúró sí àyà. Tí onígìtá bá wá fa okùn kan títí tó fi ń ké bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára, gbogbo àgbàlá á pariwo "Yéè!" Èmi tí mo máa ń sá sẹ́yìn ìyá mi tí àlejò bá dé, èmi náà á máa fò sókè!

Bàbá mi ló ń gba orin náà sílẹ̀. Rédíò ni wọ́n ń tún ṣe ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Wọ́n á gbé rẹ́kọ́dà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á fi hẹ́ẹ̀dífóònù ńlá bo etí méjèèjì, wọ́n á tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ pupa kékeré tó ń mì lára rẹ́kọ́dà náà láti fi bí ohùn ṣe le tó hàn. Tí abẹ́rẹ́ náà bá fò jù, wọ́n á yí ohùn wálẹ̀. Bàbá mi kórìíra ariwo nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n tí a bá délé tí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, kì í jọ ohun tí mo gbọ́. Ó mọ́ tónítóní, gbogbo ọ̀rọ̀ orin ló yéni, àmọ́ ó dà bíi pé àga òfìfo ni wọ́n ń ṣeré fún. Ìyá mi, tó ń ta bàtà ní Ọjà Balógun, á bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá ọmọ mi, ṣé itẹ́ òkú lẹ ti gba eléyìí ni?"

Bàbá mi á ní, "Bó ṣe dún nìyẹn. Ẹ̀rọ ò mọ irọ́ pa."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àwọn olórin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Àwọn tó ń wò wá ní Lafiaji ń ra kásẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ gbà fún wa lọ sílé, wọ́n ń sọ pé àwa kọ́ nìyí. Ẹ tún un gbà lọ́jọ́ Àìkú yìí. Tí kò bá tún jọ wá, màá pe ẹlòmíì."

Bàbá mi ò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n tú rẹ́kọ́dà palẹ̀, wọ́n tún un tò, kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n wá ń gbọ́ àwọn kásẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà jókòó tì wọ́n. Mo ń dúró de ibi tí gìtá máa ti ké, tí mo máa ń fò sókè. Nígbà tó débẹ̀, ńṣe ni gìtá náà kéré, bíi pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kásẹ́ẹ̀tì kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìgbà tó di ẹ̀kẹta, mo ti mọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu kí n tó lè sọ ọ́.

"Bàbá, ibi tí àwọn èèyàn bá ti pariwo, ẹ máa ń yí i wálẹ̀. Gìtá náà sì máa ń bá ariwo lọ."

"Ta ló kọ́ ìwọ ní rẹ́kọ́dà?"

Mo fẹ́ sá. Ìyá mi gbè mí: "Ẹ dá a lóhùn. Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń di etí yín pa lọ sí Lafiaji, ṣé ẹ tiẹ̀ ti gbọ́ àwọn ọkùnrin yẹn rí?"

Òótọ́ ni ìyá mi sọ. Inú ẹ̀rọ nìkan ni bàbá mi ti ń gbọ́ àwọn olórin náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi ní kí àwọn olórin náà kọ́kọ́ ṣeré bó ṣe máa le tó, wọ́n fi ìyẹn díwọ̀n ibi tí wọ́n máa yí ohùn rẹ́kọ́dà sí, wọ́n sì fi mí jókòó sídìí tábìlì. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí èmi gan-an bá wá, lu ọwọ́ mi." Wọ́n bọ́ hẹ́ẹ̀dífóònù, wọ́n wọ àárín èrò lọ.

Orin àkọ́kọ́ ò tíì parí tí wọ́n fi sáré padà, tí wọ́n na ọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́, mo lù ú! Pá! Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sáàárín èrò. Abẹ́rẹ́ ń fò, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì kí èmi náà má baà yí i wálẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá olórin wá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́jọ́ kejì, ó di ojú. Béèsì ń rìn nílẹ̀ ilé wa. Ibi tí gìtá ti ké ni ohùn kan ti bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀: "Yéè! Ẹ máa pa wá o!"

Ó lajú. "Wèrè wo nìyí?"

Bàbá mi tẹrí ba. "Èmi ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àwa nìyí! Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."

Ayé ti yí padà. Lóde òní, gbogbo èèyàn ló ń na fóònù sókè lójú agbo, wọn kì í jó kí àwòrán má baà mì. Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi ọkùnrin kó orin inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn sínú fóònù, ó sì fi nǹkan kan tó wà nínú rẹ̀ fọ gbogbo ariwo kúrò. Gìtá náà wá mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A fún bàbá mi, tí irun wọn ti funfun báyìí, kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n rọra ń mi orí títí ó fi dé ibi tí gìtá ti ké, ó sì kọjá láìsí igbe kankan. Wọ́n gbé fóònù kúrò létí, wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó mọ́ o," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n èmi dà?"