Bàálù Onírù Osùn Tó Fẹ́ Gba Ìyàwó Mi

Láti Costain títí dé Múṣin, èmi nìkan ni ọkùnrin tó tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí bàálù padà lójú ọ̀run. Mo yí i bí ẹni yí ọmọlanke láàárín ọjà Yábàá, mo kọ orí rẹ̀ sí Èkó, mo sì gbé e kalẹ̀ ní Ìkejà láìjẹ́ kí omi inú ife ẹnikẹ́ni dà. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń sùn, kò jí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má gbà mí gbọ́. Àwọn tó gbà mí gbọ́ náà ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ bàálù. Owú ni. Bàálù ni ìyàwó mi ń fẹ́, èmi sì ń bá bàálù jowú.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa tún àpótí ìrìnàjò ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Yábàá, bí mo bá jókòó sínú rẹ̀, ìta ni ẹsẹ̀ mi máa ń wà. Síìpù tó já, ọwọ́ àpótí tó ya, táyà kékeré abẹ́ rẹ̀ tó yọ, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé gbọọrọ tí wọ́n máa ń so mọ́ ọwọ́ àpótí ní pápá bàálù kà dáadáa, mo sì mọ̀ pé ilé iṣẹ́ bàálù kan náà ló ń fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ìrù bàálù wọn pọ́n bí osùn. N kò ní dárúkọ wọn. Onírù osùn la ó máa pè wọ́n. Kí n má purọ́ níbi tí kò yẹ, àwọn ni wọ́n ń bọ́ mi.

Bàbá Ìjẹ̀bú kan wà tí wọ́n fọ́ àpótí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò wọ ti ẹlòmíràn?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ pààrọ̀ ìyá rẹ̀. "Ìwọ ṣáà tún un ṣe," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Wọ́n á tún fọ́ ọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Àṣé ara mi ni mò ń rín, nítorí irú rẹ̀ ń bẹ nílé mi.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Góòlù ló ń tà: yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, òrùka. Kánò ló ti ń rà á, oṣooṣù ló sì ń lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ ní Jíbówú, títí di ọjọ́ tí àwọn olè dá wọn lọ́nà lẹ́yìn Jẹ́bà, tí wọ́n ní kí gbogbo èrò dojú bolẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti bá bàálù lọ. Onírù osùn náà ni.

Ìyà tí bàálù yẹn fi jẹ ẹ́ kò ṣe é sọ tán. Tíkẹ́ẹ̀tì á ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á gbéra ní mẹ́ta ọ̀sán. Kò sí nọ́ńbà lórí ìjókòó. Bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo èrò ló máa sáré gba orí pápá lọ bá àkàbà, ẹni tí kò bá lè sáré á padà sílé. Ìyá Ìbejì á bọ́ bàtà sọ́wọ́, á ká ìró dé orúnkún, á sì sáré bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà kan, wọ́n gbé òun lọ sí Kánò, wọ́n gbé àpótí rẹ̀ lọ sí Sókótó. Nígbà kan, omi ń kán láti òkè bàálù sórí gèlè rẹ̀ láti Ìkejà títí wọ́n fi balẹ̀, bí ẹni pé òjò náà ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá délé, á nasẹ̀, á bú wọn láti ìrù dé imú.

Bí oṣù bá tún yí, á wẹ̀, á lé tìróò, á tún lọ bá wọn. Ẹ sọ fún mi, kí ni ìyẹn jọ bí kò bá jọ àlè?

Ohun tó kọ́kọ́ ta mí lójú ni mọ́ínmọ́ín. Gbogbo ọjọ́ ìrìnàjò ló máa ń se mọ́ínmọ́ín ewé, tó ń ya mẹ́rin sọ́tọ̀ sínú kúlà kékeré. Lọ́jọ́ kan, mo yọ́ lọ tú ọ̀kan wò. Ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀. Mo wá tú tèmi tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀wà ló wà nínú tèmi.

"Ta ló ni ẹlẹ́yin?" mo bi í.

"Bàbá kan ní káńtà ni," ó ní. "Wọ́n máa ń ràn mí lọ́wọ́." Kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Bàbá kan. Mo rò ó títí. Mo rí i lọ́kàn mi: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, lọ́fínńdà, eyín tó mọ́. Èmi rèé tí ìka mi ń rùn gọ́ọ̀mù.

Kí n sọ ibi tó dùn mí jù. Irọ́ ni mo fi fẹ́ Ìyá Ìbejì. Nígbà tí mò ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, mo sọ fún un pé mo ti ṣiṣẹ́ nínú bàálù rí, pé lọ́jọ́ kan tí wọn ò rí àkàbà, agboòrùn ni mo ṣí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé níyàwó. Fún bí ọdún mẹ́wàá, kò sí irọ́ tí mo pa tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń gun bàálù, ó dáwọ́ dúró. Mo lè sọ pé mo rí ẹja tó wọ kóòtù ní Ìjọrá, á ní, "Ẹ bá mi mú àwo yẹn." Mo sọ fún ara mi pé ẹlòmíràn ló ń gba ẹ̀rín náà lọ́hùn-ún. Bí ẹ̀rín bá sì ti lọ, kí ló kù tí kò ní tẹ̀lé e?

Bí àwọn ọdún 1990 ṣe ń wọlé, ilé iṣẹ́ bàálù tuntun kan dé, ìrù tiwọn dúdú bí aró. Gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń ròyìn: bí wọ́n bá pe mẹ́jọ, mẹ́jọ ni, nọ́ńbà wà lórí ìjókòó, wọ́n ń pín míìtì-páì. Mo sáré gbé ìròyìn náà lọ bá Ìyá Ìbejì.

"Mo ti gbọ́," ó ní.

"O ti gbọ́, o ò sì lọ?"

"Onírù osùn ni mo mọ̀, Bàbá Ìbejì."

"Àwọn tó fi omi wẹ gèlè ẹ?"

"Gèlè ti gbẹ."

"Nítorí bàbá ẹlẹ́yin ni."

Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o."

Owú ló gba ẹnu mi sọ ohun tó kàn. Mo ní ká jọ lọ sí Kánò lọ́jọ́ kan náà, kí èmi wọ onírù aró, kí òun wọ tirẹ̀, mẹ́jọ sí mẹ́jọ. Bí mo bá kọ́kọ́ dé, kó fi onírù osùn sílẹ̀ títí láé. Bí òun bá kọ́kọ́ dé, n kò ní bi í léèrè ọ̀rọ̀ bàbá ẹlẹ́yin mọ́ títí wọ́n á fi sin mí.

"Ẹ ò gun bàálù rí," ó ní.

"Ta ló sọ fún ẹ? Ti agboòrùn ńkọ́?"

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ má gbàgbé agboòrùn náà sílé."

Ọyẹ́ ti wọ̀lú lọ́jọ́ tí a dá. Ètè gbogbo èèyàn funfun. Aago márùn-ún ìdájí ni mo kúrò nílé wa ní Sùúrùlérè, kóòtù tí mo fi gbéyàwó lọ́rùn mi. Ìyá Ìbejì ṣì dùbúlẹ̀.

"Ṣé mẹ́jọ kọ́ ni tìẹ náà ni?"

"Mẹ́jọ tiwọn ni," ó ní. "Mẹ́jọ tiwọn ò tíì sún mọ́lé. Mo ṣì máa dín àkàrà." Ó yíjú sí ògiri.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa onírù aró. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fún mi ní páálí pélébé kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìjókòó sí, ó ní bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ya á sí méjì, wọ́n á fún mi ní ìdajì. Kò mọ̀ mí, n kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, wọ́n pè wá.

Bí ọ̀rọ̀ bàálù yẹn ṣe lọ nìyí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí. Bó ṣe gbéra, mo rí páànù Múṣin tó ti dípẹtà, mo rí òrùlé wa, mo rí Ìyá Ìbejì lẹ́yìnkùlé tó ń dín àkàrà. Mo ka àkàrà náà, méjìlá ni. Nígbà tí a dé òkè Kánò, ọyẹ́ ti bo ìlú mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí àpò èlùbọ́ bá bẹ́. Awakọ̀ bàálù jáde wá, ó ń làágùn, ó ní, "Ṣé àgbàlagbà kan wà nínú ọkọ̀ yìí?" Gbogbo èèyàn nawọ́ sí mi. Mo wọlé lọ, mo bọ́ kóòtù, mo di ọwọ́ kinní náà mú. Ẹ ti mọ ìyókù. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tán tí a fi padà sí Ìkejà, mo sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń mí.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì bá mi. Aago kan ti kọjá. Ó ti sùn, ó ti wẹ̀, ó ti dín àkàrà, wọ́n tilẹ̀ ti dirun fún un. Kúlà mọ́ínmọ́ín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Àwọn èrò onírù osùn ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n yí káńtà ká, ariwo ń sọ. Mo wá rí ọkùnrin náà. Kò ní táì. Ó dàgbà jù mí lọ. Okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí, bàtà rẹ̀ sì ti lanu. Owú mi ì bá kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ìyàwó mi láàárín èrò, ó ní, "Ìyá Ìbejì wa dé."

Wa. Ta ló bá wa bí ìbejì náà?

Ó kọjú sí àwọn èrò, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàálù ti gbéra ní Kánò." Ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Èmi tí mo mọ irọ́ pa, bí mo bá rí iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa, mo máa ń mọ̀ ọ́n. Àwọn èrò jókòó.

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín agboòrùn ni, òun gan-an, èyí tí n kò gbọ́ láti ọdún mélòó kan. Ó fi etí gèlè nu ojú. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán àpótí gún mi láyà, kò lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó dì mọ́ ọkùnrin náà ni, ì bá sàn.

"Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?" mo bi í.

"Bí wọ́n bá ti ní ó gbéra ní Kánò," ó ní, "ẹnikẹ́ni ò tíì bọ́jú bàálù yẹn. Bí wọ́n bá ní ó ti ń balẹ̀, ó ku wákàtí kan. Ìgbà tí wọ́n bá yọ awò ojú, tí wọn ò sọ nǹkan kan, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ bọ́ bàtà."

"O wá ń gbé ẹyin fún òpùrọ́."

"Bàbá Ìbejì, àwọn onírù aró yín, wọn ò tíì purọ́ fún mi rí."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

"Wọ́n á pa irọ́ lọ́jọ́ kan. Bó bá dé, mi ò ní dá a mọ̀. Màá jókòó síbí, màá máa gbà wọ́n gbọ́, góòlù á wà láyà mi, ilẹ̀ á ṣú. Ti àwọn yìí, mo ti kọ́ ọ parí. Ẹ mọ ọdún tí mo fi kọ́ ọ? Ṣé kí n tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irọ́ ẹlòmíràn ní ọjọ́ orí mi yìí?"

Èmi ló ń wò nígbà tó sọ ìyẹn. Ó wò mí pẹ́. Ojú rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ sí àpò àyà kóòtù mi, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó tún padà sókè.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ó ní. "Ṣebí mẹ́jọ ni onírù aró gbéra. Kí lẹ ń wá níbí?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti páànù Múṣin, mo sọ ti àkàrà.

"Mélòó lẹ kà?"

"Méjìlá."

"Mẹ́rìndínlógún ni mo dín."

"Mẹ́rin wà lábẹ́ ọmọrí."

Nígbà tí mo dé ibi tí awakọ̀ ti ń wá àgbàlagbà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tí mo yí bàálù bí ọmọlanke, ó di ìró mú, ó forí lé mi léjìká, ó rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò fi ń wò wá. Bàbá káńtà náà wò wá. Mo rí owú díẹ̀ lójú rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹran.

"Ẹ tún un sọ," ó ní. "Láti ibi àgbàlagbà."

Mo tún un sọ. N kò tíì parí tí ọkùnrin náà fi yọ awò ojú, tó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, tí kò sọ nǹkan kan. Ìyá Ìbejì dìde, ó bọ́ bàtà. Ó ṣí kúlà, ó mú ọ̀kan nínú ẹlẹ́yin fún mi, ó gbé mẹ́ta yòókù sórí káńtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Òun ló kọ́kọ́ dé ìdí àkàbà.

Òun náà ló kọ́kọ́ dé Kánò, nítorí èmi ilé ni mo gbà lọ. Mo pa àdéhùn mọ́. N kò bi í léèrè mọ́. Ó gun onírù osùn títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé. Wọ́n fọ́ àpótí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, èmi ni mo tún un ṣe. Mo ṣì ń jowú ọkùnrin náà ní gbogbo oṣù, ṣùgbọ́n ẹyin ti ń wà nínú mọ́ínmọ́ín tèmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo ti purọ́ fún yín. Onírù aró kò padà lọ́jọ́ náà. Ọyẹ́ kò dí i lọ́wọ́. Mo gbọ́ pé ó balẹ̀ sí Kánò lásìkò tí wọ́n kọ gan-an. Èmi ni n kò wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n pè wá, gbogbo èrò dìde, ẹsẹ̀ mi kò dìde. Ẹ̀rù bà mí, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn láti aago mẹ́jọ títí Ìyá Ìbejì fi dé. Páálí pélébé náà wà lódindi ní àpò àyà mi, ẹnikẹ́ni ò ya á sí méjì, ibẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ sọ̀ sí kó tó bi mí léèrè. Bàálù tí mo ní mo yí padà, irọ́ ni mo pa. Ti agboòrùn náà, irọ́ ni. N kò gun bàálù rí títí di òní. Ìyókù, títí dórí ẹyin, bó ṣe rí nìyẹn.