Ọ̀bẹ Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, Àlááji Àmúsà, onílé kan ní Ìpọ̀nrí, ti dé láti Yídì, ó ti so àgbò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ wà ní yàrá ayálégbé rẹ̀, Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ẹni tó ń bá a dán an. Àlááji rán ìyàwó rẹ̀, Fàósátù, kó lọ gbà á wá. Fàósátù ò padà. Ó rán àbúrò rẹ̀, Síkírù. Síkírù náà ò padà. Nígbà tí Àlááji fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, ó bá àwọn méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń mu tíì.

"Àlááji, ẹ káàbọ̀," ni Bàbá wí, láìgbójú sókè. "Ẹ jókòó. Ẹ̀gbẹ́ kan ló kù."

Àlááji jókòó. Nínú gbogbo ilé, àgbò nìkan ni inú rẹ̀ dùn sí ìdádúró yẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, Ọ̀jẹ̀túndé gan-an lorúkọ àbísọ rẹ̀. Sọ́míìlì kan lẹ́bàá Mákòkó ló ti ṣiṣẹ́ dọ́jọ́ ogbó, eyín ayùn ló ń pọ́n níbẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ Àrínọlá ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ sílé ọkọ ní Kàdúná. Ó wá ku òun àti ògiri.

Fàósátù ló kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́. Ọ̀bẹ ìdáná tó rà ní Tejúoṣó ti gbó, àwọ̀ funfun tí wọ́n fi bo irin rẹ̀ ń ṣí, ó ń já sínú ọbẹ̀. Bàbá gbà á, ó rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi sáńpépà ha á títí àwọ̀ náà fi tán pátápátá. Nígbà tí Fàósátù dé, irin náà ṣú bí ojú òjò.

"Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́."

"Mi ò bà á jẹ́. Aṣọ ni mo bọ́ lára ẹ̀. Kò tíì wẹ̀ ni."

Ó wá mú sáńpépà tó kúnná, ó ta kẹrosín sí i, ó fi eérú àti àkísà parí rẹ̀. Fàósátù rí eyín ara rẹ̀ nínú irin náà. Ó béèrè ohun tí òun máa san.

"Jókòó," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ọbẹ̀ mi wà lórí iná."

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó o padà wá."

"Ọkọ mi ò tíì jẹun."

"Sọ fún un kóun náà máa bọ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀bẹ tó wọ yàrá Bàbá tó tètè jáde. Inú ń bí àwọn ará ilé. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa feyín gé àlùbọ́sà.

Àǹtí Adùnọlá, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì, ló wá mọ̀dí ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó bá Bàbá tó ń fi omi iyọ̀ pa ọ̀bẹ tí Adùnọlá gbé wá fún un lára, ọ̀bẹ tó ti ń kọ mànà.

"Bàbá, ṣebí á dípẹtà."

Bàbá gbé ọ̀bẹ náà lé itan. "Ó ti dán tán látàná," ló wí. "Tí mo bá fún ẹ lónìí, kí lo tún máa wá ṣe níbí lọ́la?"

Adùnọlá ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, òun á padà wá. Ó sì lọ sọ ohun tó rí fún Fàósátù.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fìbínú béèrè ọ̀bẹ mọ́. Wọ́n tilẹ̀ ń gbé èyí tí kò ṣe nǹkan kan wá. Fàósátù gbé tuntun dé láti ọjà, bébà ṣì wà lára rẹ̀.

Bàbá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Kí ló ṣe èyí?"

"Ẹ tún un wò dáadáa, Bàbá."

Ó wo ọ̀bẹ, ó wo Fàósátù. "Òótọ́ ni," ló wí. "Ó burú gan-an."

Àárín ìgbà òjò ni Bàbá kú, lójú oorun. Ọmọ rẹ̀, Ọmọ́níkẹ́, wá láti Kàdúná wá kó ẹrù. Ó dúró láàárín yàrá, ó bi àwọn obìnrin méjèèjì léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá mi máa ń dá wà?"

Fàósátù wo Adùnọlá. "Rárá," ló wí. "Èrò kì í wọ́n níbí."

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò sọ ti àwọn alẹ́ tí èrò ti lọ tán. Ọmọ́níkẹ́ nu ojú rẹ̀, ó ní Ọlọ́run ṣeun. Adùnọlá bá a ká àwọn aṣọ, ó ń bá a tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọn ò jẹ́ kó nìkan ti ilẹ̀kùn náà.