Atalẹ̀ Inú Báàfù

Kó, kó, kó. Ìró òòlù ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́jọ́ kan, nínú ilé tí a háyà ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, ìyá ìyá mi ni mo bá lórí àpótí. Ó da báàfù ńlá kan dojú dé sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ níhò. Ìyá mi sáré jáde láti ilé ìdáná, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, báàfù tí mo fi ń wẹ ọmọ nìyẹn."

"Ọmọ náà ti ń rìn," ni màmá àgbà dáhùn, àbúrò mi ló ń wí, ó sì tún gbé òòlù sókè.

Ìyá mi wo báàfù, ó wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti rẹ́rìn-ín báyẹn. Màmá àgbà ti yọ̀ ṣubú lóko rẹ̀ ní Ìpele, ó sì fi ìbàdí ṣèṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí mi fi mú un wá sọ́dọ̀ wa. Ìbàdí náà san, ṣùgbọ́n ó ń tiro, kò sì lè rìn dé oko mọ́. Símẹ́ńtì ni wọ́n dà sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa. Nírọ̀lẹ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa sọ pé òun ń padà lọ bí ìkórè bá ti kọjá.

Ìkórè yìí gan-an ló ń dùn ún jù. Lọ́dọọdún, ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Ṣé iṣu tí mo rà lọ́jà ni kí n gbé síwájú Ọlọ́run?" ló bi ìyá mi léèrè lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni màmá àgbà rí atalẹ̀ tí a gbàgbé sínú apẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ó ti ń yọ ojú, orí ojú náà sì tutù yọ̀yọ̀. Kò jẹ́ kí a gún un; nítorí rẹ̀ ló ṣe ń lu báàfù níhò. Bàbá mi, ọmọ Àkókó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀, bá a wá táyà àlòkù kan tí a ó gbé báàfù náà lé. Ó tún lọ sí Ìpele, ó bu ilẹ̀dú sínú àpò láti oko màmá àgbà. Èdè Ọ̀wọ̀ ni màmá àgbà máa ń bá wa sọ, Yorùbá ìwé ló sì máa ń bá bàbá mi sọ nítorí pé àna rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, èdè Ọ̀wọ̀ ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ náà sọ́wọ́, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ gbin atalẹ̀ náà sínú báàfù. Ó kọ́ mi láti ṣẹ́ ẹ kí ojú lè wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, kí n kọ ojú náà sókè, kí n sì fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ bò ó. A fi ewé gbígbẹ tẹ́ ẹ lórí, a gbé e sábẹ́ òrùlé ilé ìdáná kí oòrùn ọ̀sán má bàa jó o. Ó pẹ́ kó tó hù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó yọrí ṣónṣó jáde, màmá àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ jó yí báàfù náà ká.

Òjò rọ̀, ewé náà ga, ó dé àyà mi. Ṣùgbọ́n bí ìkórè ṣe ń sún mọ́lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sì ń wó lulẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo ní atalẹ̀ wa ti kú.

"Kò kú," ni màmá àgbà sọ, ó fa orí mi mọ́ra. "Ó gbó ni."

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, bàbá mi da báàfù náà dojú dé sórí símẹ́ńtì. Atalẹ̀ so jọ, ó tóbi, ó rí bí ọwọ́ tí ìka pọ̀ lára rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, àwọn aládùúgbò sì ń yọjú lórí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn ènìyàn, màmá àgbà fi ẹsẹ̀ tó ń tiro jó lọ síwájú pẹpẹ, atalẹ̀ tòun tewé rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun rù ú. Àwọn akọrin ń kọrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án, díẹ̀ nínú wọn wá sílé wa láti gba atalẹ̀ tiwọn fún ọ̀nà ọ̀fun.

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ kó èyí tó ṣẹ́ kù wọlé, màmá àgbà ṣa àwọn tó sanra sọ́tọ̀. Ó ní ìyẹn kì í ṣe fún ọbẹ̀, òjò tó ń bọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Ìyá mi rọra béèrè bóyá kò ní lọ sí Ìpele mọ́.

"Ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún?" ló wí.

Mo ti gbé ìlú púpọ̀ látìgbà náà, nínú ilé tí kì í ṣe tèmi. Bí mo bá dé ilé tuntun, kí n tó tú ẹrù, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí oòrùn àárọ̀ ń bọ́ sí, kí n lè gbin atalẹ̀ síbẹ̀. Mo ti fi ojú ara mi rí àgbàlagbà tó tún ìgbé ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yàn fúnra rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì dùn. Nítorí náà, ìlú àjèjì kì í bà mí lẹ́rù.