Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Odò Gbẹ

Má bínú, ọmọ mi, orí mi ti ń gbàgbé. Ibi tí mo bá fò nínú ohun tí ò ń bá mi kọ, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, àkọ́bí mi, ni mo fẹ́ sọ. Ilé ìwé àwọn fádà ló ń lọ. Kòkó tí mo gbìn lẹ́bàá Agbabu ló ń rán an lọ. Ó wálé lásìkò ọyẹ́, ló bá ní òun ti mọ orúkọ tí àwọn Látìn ń pe ìgbà ooru.

"Ẹ́sítàsì ni, Bàbá. Inú ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n ti yọ ọ́. Obìnrin ni wọ́n sì kà á sí."

"Obìnrin kẹ̀? Ta ló fẹ́ ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò lọ́kọ, Bàbá. Bó bá jẹ́ òun ló ń ṣe nǹkan, ẹ́sítàsì. Bí nǹkan bá jẹ́ tiẹ̀, ẹsitátìsì. Wọ́n máa ń yí ìdí ọ̀rọ̀ náà ni."

"Ìwọ àti fádà ẹ ò níṣẹ́ ṣe. Gbé àdá, jẹ́ á lọ."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń ro etí oko kòkó yíká, a ó gbá ewé kúrò títí ilẹ̀ á fi hàn, kí iná ìgbẹ́ má baà ráyè wọlé. Àwọn àgbàṣe tí mo ń lò ti lọ sí Ọ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la títì ńlá. Owó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ta ló tún fẹ́ mú ọkọ́? Àwa méjì la ro ó. Ó ń ro, ó ń pe Látìn ẹ̀ lábẹ́ ètè.

A ò ro ẹ̀gbẹ́ tí odò ti bá oko pààlà. Kò sẹ́ni tó ń ro ó ní gbogbo agbègbè wa, odò ló ń dá iná dúró níbẹ̀. Ọdún yẹn, odò gbẹ, koríko hù nínú ẹ̀.

Àwọn tó ń dọdẹ òkété ló tiná bọ ìgbẹ́ lódìkejì. Inú odò gbígbẹ yẹn ni iná gbà wọ oko.

Nígbà tí iná kú tán, a dúró sínú eérú kòkó wa. Ó ní, "Bàbá, n ò ní padà sílé ìwé mọ́."

"Fádà ńkọ́?"

"Ẹ bá mi kí wọn."

Ó wu mí kí n ní kó má lọ. Kí ni màá fi dá a dúró? Ó lọ bá wọn la títì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé òkú ẹ̀ wá fún mi, nínú ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn.

Ó tó. Kà á sókè, kí n gbọ́.